Ẹ̀gà Ló Ń Jẹ Oúnjẹ Bàámi

Èéfín ilé-iṣẹ́ irin ló máa ń kọ́kọ́ kí wa láàárọ̀ ní Ojú Ọrẹ, nílùú Ọ̀tà, nígbà tí mo wà léwe. Bí atẹ́gùn bá ti ọ̀nà Sàngó fẹ́ wá, òórùn irin gbígbóná á wọlé bá èèyàn lórí ẹní. Lẹ́yìn èéfín ni ariwo ẹ̀gà. Ọ̀pẹ kan wà láàárín àgbàlá wa tí àwọn ẹyẹ yìí ti ya imọ̀ rẹ̀ jálajàla, tí wọ́n fi hun ilé rọ̀ sórí rẹ̀, títí ọ̀pẹ náà fi dà bí igi tó ń so àdó. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn sùn kọjá ìdájí. Kí ládàánì tó pe ìrun tán, ẹ̀gà ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Màámi kò fẹ́ràn wọn rárá. Aránṣọ ni, bó bá sì sá aṣọ oníbàárà síta, àfi kí ẹ̀gà ṣu sí i. Ó ti bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n gé ọ̀pẹ yẹn, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà, tó bí Bàámi, tó sì ni ilé, ní kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í ní àtúnsọ. Wọ́n á ní, "Ilé tí ẹ̀gà bá ti ń pariwo, ẹnìkan ò lè pè é ní ahoro." Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ariwo lásán ni, wọ́n á dá a lóhùn pé ẹ̀gà ń fọ èdè ẹnu rẹ̀, ẹ ní ó ń pàtótó. Èmi Múínátù gan-an, Ẹ̀gà ni wọ́n ń pè mí, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kò tíì dákẹ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ọdún tí àwọn ológun fagi lé ìbò tí gbogbo ayé dì. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa. Bẹntiróòlù di ohun àwátì. Àwọn ayálégbé tó jẹ́ àlejò ń di ẹrù lọ sí ìlú wọn, wọ́n ní ogun ń bọ̀. Bàámi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olórí ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Bàámi sáré wọlé, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Máa ka ìwé rẹ. Kí n tó dé, kí o ti kà á tán." Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó lọ fún mi. Màámi ní ohun tí ọmọdé kò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ẹgba gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti ní kí a pa rédíò. Nítorí gbogbo ìgbà tí rédíò bá sọ̀rọ̀ ni abẹ́rẹ́ máa ń gún Màámi lọ́wọ́. Mo bá fa páálí ìwé Bàámi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé àlọ́ wà níbẹ̀, ìwé ìtàn àwọn ìlú wà níbẹ̀, àti oríṣiríṣi ìwé tí ẹ̀yìn wọn ti ya, tó ń rà lọ́wọ́ bàbá kan tó máa ń tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà Ọ̀tà. Mo jókòó sídìí ọ̀pẹ, mo ń kà á. Màámi ní kí n rọra kà, kí ẹni tó ń kọjá má baà dúró gbọ́. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Kà á sókè, Ẹ̀gà. Kí ará òde gbọ́ pé èèyàn ń bẹ nínú ilé yìí."

Bí mo ṣe di òǹkàwé agboolé nìyẹn. Ìyá àgbà kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n wọ́n á máa bá ìwé jà. Bí Ìjàpá bá ń lọ jalè, wọ́n á ní kí n sọ fún un pé kó padà. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gà ń pariwo lókè, èmi ń pariwo nísàlẹ̀, ẹ̀rù tó ti ń bà mí látàárọ̀ á sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn ẹyẹ yẹn nígbà náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nǹkan kan wà tí a kò dá dúró nínú ilé. Bí Màámi bá se oúnjẹ alẹ́, àwo Bàámi ló máa ń kọ́kọ́ bu, àwo tánganran aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí. Ẹran tó tóbi jù níbẹ̀ ló máa ń lọ. Á gbé e sórí tábìlì pálọ̀ bí ẹni pé Bàámi wà ní balùwẹ̀, tó fẹ́ wá jẹun. Ìyá àgbà ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó rìnrìn àjò là ń bu oúnjẹ dè, bí a kò bá bu tirẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé a ti sin ín nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹran á padà sínú ọbẹ̀, èmi á sì da ìyókù sídìí ọ̀pẹ fún ẹ̀gà. Ìrẹsì ọ̀fadà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà tó yá, bí mo bá ti fi ìdérí kan àwo kó-kó-kó, wọn kì í jẹ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sí ẹni tó rò ó pé ojú ń wò wá. Ìyá Súlíyà, ayálégbé kan tó ń yan ẹ̀pà níwájú ilé, ń rí àwo tó ń wọ pálọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ń rí i lófìfo bí mo bá ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Kò rí ìgbà tí mo ń dà á fún ẹ̀gà, ó sì gbà pé Bàámi ń yọ́ wọlé wá jẹun ni. Inú rẹ̀ dùn fún wa, ọlọ́kàn ire ni obìnrin náà, ìdùnnú yìí ló sì mú kó sọ fún oníbàárà kan pé ara Bàbá Múínátù le, oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ sì nìyẹn, bó bá ti bọ́ lẹ́nu, ó ti rí ẹsẹ̀ rìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó da oúnjẹ àná fún ẹ̀gà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí kò wọ aṣọ ìjọba wọlé, wọn kò sì kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú iyàrá, wọ́n tú ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gá wọn, Yorùbá bíi tiwa, ló ṣí àwo tó wà lórí tábìlì. Ó bi Màámi pé ta ló ni oúnjẹ. Màámi ní ọkọ òun ni. Ó ní níbo ni ọkọ ọ̀hún wà. Màámi ní kò sí nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí ọkọ tí kò sí nílé tó ń jẹun tán lójoojúmọ́ rí, kí Màámi mú ìborùn rẹ̀, bí ọkọ bá gbọ́ pé ìyàwó wà lọ́dọ̀ àwọn, á wá fúnra rẹ̀. Màámi na ọwọ́ sí ìborùn, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un jáde, mi ò ní ìyá mọ́ bí mi ò ṣe ní bàbá.

Ìwé mi wà lábíyá. Mo ní, "Ẹ̀gà ló ń jẹ oúnjẹ Bàámi."

Ọ̀gá náà wò mí, ó ní ọmọdé kì í purọ́. Mo ní mi ò purọ́. Mo gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, mo gbé e jáde, mo yọ ẹran sọ́wọ́ kan, mo da ìrẹsì sílẹ̀, mo sì fi ìdérí kan àwo. Àwọn ẹ̀gà ya bolẹ̀. Wọ́n bo ìdí ọ̀pẹ, wọ́n ń jà sí i, wọ́n ń gorí ara wọn, wọn ò tilẹ̀ ka àwọn ọkùnrin náà sí. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ilẹ̀ ti mọ́ féfé.

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní wọn, wọn kò dìde láti ìgbà tí àwọn ọkùnrin náà ti wọlé. Wọ́n wo ọ̀gá náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ìwọ náà ò ṣe sí nílé báyìí, ṣé ìyá rẹ ò bu tìrẹ dè ọ́ ni?"

Ọ̀gá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sọ nǹkan fún àwọn tó kù, wọ́n sì jáde. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní láti òní lọ, kí ẹ̀gà máa ṣu sí aṣọ tó bá wù wọ́n.

Òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí Bàámi tó dé. Ó ti rù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ oúnjẹ inú àwo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, àwọn ẹ̀gà sì tò sórí ògiri, wọ́n ń wò ó. Ó béèrè pé ṣé òun ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ní òun ni, ó ti jẹ oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé mo ti ka ìwé náà tán. Mo ní mo ti ka páálí tán.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ilo-Awela, ní Ọ̀tà náà, ni mò ń gbé, mo sì bá bíríkìlà tó kọ́ ilé mi jà kó tó fi ọ̀pẹ kan sílẹ̀ fún mi. Nígbà ìbò tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní ta ni mo fẹ́ dìbò fún. Èmi tí orí mi ti ń hu ewú, mo ní ẹni tí Ọlọ́run bá yàn ni. Ojú tì mí dé ilé. Ọmọ tí kò ju tábìlì lọ dá àwọn ọkùnrin mẹ́ta lóhùn, àgbàlagbà ń wo ilẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé, mo pa fóònù, nítorí ìròyìn inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti rédíò ọjọ́sí. Mo gbé àwo aláwọ̀ ewé náà, tó ti bó káàkiri, mo da ìrẹsì sídìí ọ̀pẹ, mo kan ìdérí. Wọ́n wá. Mo fa àga, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ yẹn lẹ́nu géètì, wọ́n ń padà bọ̀. Mo rántí Ìyá àgbà tó sọ mí ní Ẹ̀gà, mo sì kà á sókè.