Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Princess Road

Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ni mò ń ṣe ní Manchester. Búréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ni: ọ̀kan fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan fún èmi tí mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan ló ń wà mí, Júù ni, opó sì ni. A fẹ́ yà kúrò ní Princess Road. Ó bi mí pé, "Ṣé kí n máa lọ?" Fóònù ni mò ń wò. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè tí mo fi ní, "Ẹ máa lọ."

Ọkọ̀ wa gbá táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bàbá kan, bàbá ṣubú. Orúnkún rẹ̀ bó. Ó dìde, ó bú wa, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ìyá náà tó lanu, mo ti sọ̀rọ̀: "Ẹ ò wo dígí. Ẹ ò sì bi mí."

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mo rò pé mo béèrè."

Mo ní rárá. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn, bí ọ́fíìsì wa bá sì gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù mi bá ti dún báyìí, mo máa ń rò pé ọ́fíìsì ló ń pè.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù, tí wọ́n máa ń gbààwẹ̀, ń sún mọ́lé. A páàkì ní Hulme, ìyá náà sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ní àkókò yìí, àwọn máa ń jókòó yẹ ìwà ara àwọn wò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ Ọlọ́run, wọ́n á jẹ́wọ́ rẹ̀ ní sínágọ́gù, wọ́n á máa fọwọ́ lu àyà.

"Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá ṣẹ ọmọnìkejì mi," ó ní, "Ọlọ́run ò ní dárí rẹ̀ jì mí, àfi kí n kọ́kọ́ lọ bẹ onítọ̀hún. Jọ̀ọ́, bá mi wá bàbá oníkẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu mi tán. Mi ò mọ bí òdodo ṣe ṣáájú rẹ̀ jáde. "Mà, ẹ béèrè. Èmi ni mo ní kí ẹ máa lọ. Fóònù ni mò ń wò."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. "Mo rò pé ọpọlọ mi ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ bíi ti ìyá mi," ó ní. "Mo ti lọ rí dókítà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tíì lè dárí jì mí, kí n tún wá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀la rẹ̀ ni mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n jókòó sílé ná. Mo padà lọ bá ìyá náà nílé. Ó kàn yọjú díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n gbààwẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó jáde wá. "Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má kọ́ mi mọ́."

Ẹlòmíràn ló kọ́ ọ parí. Ọ́fíìsì gbà mí padà lẹ́yìn oṣù méjì, pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ lọ́wọ́. A ò rí bàbá oníkẹ̀kẹ́ náà mọ́.