Bí Wọ́n Ṣe Fọ Ọkọ̀ Mi ní Ìjerò

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ arúgbó rìnrìn àjò, kó tètè jí. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí oòrùn bá òun lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí ìdájí ọjọ́ Ẹtì fi bá mi níwájú ilé wa ní Ìbàdàn, tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, tí mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wo omi, wo ọ́ìlì, wo bẹ́líìtì, bí ìyá ṣe ń wo ẹ̀yìn etí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ìyàwó mi, Ìyá Délé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Bàbá Délé, ẹni tó fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ni yóò ya wèrè ọ̀hún? Ẹ ò kúkú tíì tún ọkọ̀ yìí ṣe tán láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á."

"Mo ti ń lọ tà á," ni mo wí. "Ṣé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Ohun tí àwa méjèèjì jọ fẹ́ ni. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé inú tuntun ni wọn ó jókòó sí wá kí wa."

Ayọ́kẹ́lẹ́ Jámánì ni ọkọ̀ náà. Òyìnbó kan tó ń ṣe títì ló fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ tí mo fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí náírà ṣì lágbára, tí awọnlẹ̀ bí èmi ṣì lè nawọ́ sí irú rẹ̀. Àwọn ìjòyè àti àwọn kọngílá ńlá ló ń gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Awọ ni ìjókòó rẹ̀, igi dídán ló wà níwájú awakọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í ké gbàù bí o bá tì í. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́sẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ ti di iṣẹ́ kejì lọ́rùn mi. Mo mọ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì ju bí mo ṣe mọ àwọn ará ìjọ wa lọ. Páńpù omi rẹ̀ ti ń kú lọ. Iye tí wọ́n pè é ju owó oṣù mi kan lọ, ìyàwó mi sì ní kò sẹ́ni tí í ra bàtà fún ẹni tó ń lọ sùn. Tuntun ńkọ́? Ọkọ̀ Japan kékeré, tí orúnkún èèyàn ń kan àgbọ̀n nínú rẹ̀, iye rẹ̀ lè kọ́ ilé ní Ìjerò, ìlú wa. Àmọ́ bí a bá ta arúgbó yìí, tí a fi owó tèmi àti ti Ìyá Délé kún un, tí a sì yá díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọwọ́ wa lè tó o.

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ páńpù ló mú wa fẹ́ tà á. Màmá mi ni. Nílé wa, ẹni tó bá ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e wálé kí wọ́n fọ̀ ọ́. Fífọ yìí kì í ṣe ti ọṣẹ àti kànìnkànìn. Àwọn àgbà á bu omi sínú abọ́, wọ́n á gbé iyọ̀ àti oyin jáde, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wọ́n omi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tonílé tàlejò á sì jókòó nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ mi wálé fún fífọ, ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òru ọjọ́ tí mo dé gan-an, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ni àìsàn gbé bàbá mi ṣánlẹ̀. Ọkọ̀ náà la fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Òun náà la fi gbé òkú wọn bọ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fífọ ọkọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ wá sí Ìbàdàn, wọ́n á máa bì títí dé Ifẹ̀, nígbà tó yá wọn ò tilẹ̀ wá mọ́. Wọn ò tíì fojú kan ilé tí a kọ́. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí oníbàárà kan ní Àrámọ̀kọ, Àlàájì Múílì, tó ní òun fẹ́ràn ọkọ̀ náà ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ dúdú. Mo bá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún láti òkè délẹ̀. Wọ́n dán bọ́ńpà rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá bo gbogbo ìjókòó kí eruku ọ̀nà má bà á jẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, èmi gan-an fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, kò sí wàhálà. Mo ra epo ní Iléṣà, mo ra búrẹ́dì gbígbóná fún Màmá, mo sì dorí kọ òkè. Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kò mọ ohun tí à ń pè ní òkè. Títì á máa yí bí okùn tí wọ́n ká sílẹ̀, igbó ńlá lápá kan, àfonífojì lápá kejì, lọ́rì onípákó á máa ké ìrora níwájú rẹ, o kò sì ní ráyè kọjá lára rẹ̀. Kí n tó dé ibi pátákó tó ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti gòkè tán. Mo dúró. Mo jẹ́ kó tutù, mo bu omi sí i, mo sì bẹ páńpù náà kó ṣe sùúrù dé Àrámọ̀kọ.

Ní Ẹ̀fọ̀n, mo yà síbi olóúnjẹ kan nítòsí ọjà. Ní Ìbàdàn, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ. Ní Èkìtì kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn. Ọbẹ̀ tó o fẹ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè, torí iyán ti ń bọ̀. Náírà méjì péré, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, iyán funfun tí kò ní kókó kankan. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì dárí ji òkè náà.

Mo gba Ìta Awúrẹ́, mo sì dé Àrámọ̀kọ ní ọ̀sán. Ọmọ Ìkìrun ni Àlàájì Múílì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Àrámọ̀kọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fi èdè Èkìtì bínú. Lọ́rì rẹ̀ ló ń kó kòkó àti iṣu jáde láti Erijiyan àti àwọn ìlú àyíká. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wà á dé ìpẹ̀kun ìlú, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ọ̀gá, funfun yìí mà bá a mu o! Ẹ gbé e fún mi lónìí."

"Màmá mi ló kù kí n rí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo ń bọ̀, a ó parí ẹ̀."

"Kò burú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án o. Ọkọ̀ mi ni."

Ọ̀nà Ìjerò kún fún kòtò nígbà náà. Wọ́n sá kòkó sí etí títì, òórùn rẹ̀ sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ mi ń gba inú kòtò kọjá bí ẹni tó ń rìn lórí ẹní. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò ní í rí irú èyí nínú Japan kékeré, ọkàn mi sì bàjẹ́ díẹ̀.

Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tán lẹ́nu ọ̀nà ilé wa tí ariwo fi sọ. "Mọ́tò titun! Mọ́tò titun!" Bàbá Ìjọ Ajíbádé, àgbà ìjọ wa tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ dé. Ó fọwọ́ pa ọ̀dà, ó yọjú wo inú, ó rí ọ̀rá lórí ìjókòó.

"Táyọ̀, o ṣeun! Ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀! Èé ti jẹ́ tí o ò ránṣẹ́ sí ulé?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí kì í ṣe..."

"Àdúrà la fẹ́ gbà, ìwọ ń sọ̀rọ̀! Ẹ bá mi pe Pásítọ̀. Ẹ pe àwọn ìyá ìjọ."

Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ wí, ẹnu ọ̀nà wa ti kún. Màmá jáde. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Uyọ̀ ń bẹ nínú ulé. Ẹ bá mi gbé e." Màmá fúnra wọn ló bu omi sínú abọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ tà lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń gbàdúrà fún yìí, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ mi ni yóò gbó sí. Ọkọ̀ tó gbé òkú bàbá mi ni wọ́n sì fẹ́ kí Màmá wọ̀ láìmọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá á tún padà sínú ilé, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Bí mo bá dákẹ́, mo tan ìyá mi jẹ. Omi ti kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó yan èyí tí n ó ṣe.

Bàbá Ìjọ ní ká gbé Màmá yí ìlú ká, ká sì dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọpẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fún wọn. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rìn yípo, wọ́n sì gba apá òsì wọlé. Mo rò pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún. Bàbá Ìjọ àti àwọn ìyá ìjọ méjì kún inú rẹ̀, wọ́n ń kọrin títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn yòókù bọ́ sílẹ̀, Màmá kò kúrò lórí ìjókòó.

"Bá mi yọ ọ̀rá yìí. Ó ń mú mi làágùn."

Mo yọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa awọ náà jẹ́jẹ́.

"Ọ̀tún ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí a lọ sí Adó. Orí aba rẹ, ọkọ mi, wà ní itan mi. Ibi tí aba rẹ wà ni mo jókòó sí lónìí."

Mo ní, "Màmá, ẹ mọ̀?"

"Ọ̀dà lè tan Bàbá Ìjọ. Èmi ni yóò tàn?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ikú wọ ọkọ̀ yìí kí omi tó kàn án. Ohun tó lé mi nínú ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọkọ̀. Ojú ń ti àwọn ará ulé láti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn òkú, ojú sì ń ti èmi náà láti bẹ̀ wọ́n. Lónìí, wọ́n rí i, wọ́n pè é ní titun, wọ́n sì wá gbàdúrà sí i fúnra wọn. Ṣé kí n wá ní kì í ṣe titun ni?"

Mo sunkún níbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọmọdé. Màmá ní kí n nu ojú mi, wọ́n ń dúró dè wá nínú.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá ti di ẹrù wọn kí n tó jí. Iṣu kún búùtù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì padà sí apá òsì. Àlàájì Múílì ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Àrámọ̀kọ. Ó rí ọkọ̀, ó rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onítakisí pé wọ́n fọ ọkọ̀ funfun kan ní Ìjerò.

"Ọ̀gá, ọ̀dà tí mo yàn nìyí o! Ẹ fi ọ̀dà mi sọ ọkọ̀ di tuntun, ẹ wá fẹ́ gbé e lọ. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí n ra ọkọ̀ mi."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọmọ mi," ni Màmá fi dá a lóhùn.

Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní òun ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ gidigidi. Níkẹyìn ó mi orí, ó ní ẹni tó bá lé ìyá àgbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkọ̀ náà ò ní í gbè é. Màmá fún un ní iṣu méjì, ó sì gbà á.

Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ọwọ́ yẹn tún gòkè. Mo dúró, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú sì ń tì mí. Màmá ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ lẹ́yìn. Wọn ò bì, wọn ò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe é.

"Jẹ́ kó mí," ni wọ́n wí. "Èmi náà kì í sáré gun òkè mọ́."

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a wọ Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí mo bá dé láti ọ̀nà náà kò pọ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, rìsíìtì ló ń sọ pé ọkọ̀ jẹ́ tuntun. Nílé wa, omi inú abọ́ ló ń sọ ọ́, ó sì lè pẹ́ ọdún mẹ́wàá kó tó sọ ọ́.

Ìyá Délé sáré jáde nígbà tó gbọ́ fèrè. Ó rí ọkọ̀ funfun, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àlàájì ò rà á?"

"N ò tà á."

Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo sì mọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí láìpariwo, bó ṣe máa ń ṣe, tí Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, tí wọ́n gbójú sókè wo ilé wa. "Ulé yín yìí mà dára o," ni wọ́n wí. Ìyá Délé kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó gba ẹrù, ó mú Màmá wọlé, ó sì gbé omi ìwẹ̀ kaná. Màmá jẹun tán, wọ́n sì sùn lórí àga.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi níwájú ọkọ̀.

"Bàbá Délé, tó bá di ọ̀la, ẹ lọ ra páńpù omi yẹn."