Ẹ̀jẹ̀ Funfun Ọmọ Ìyá Mi

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń gbálẹ̀, ọdún kọkànlá rèé. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé mò ń bínú lásán. Ìdọ̀tí tí mo rí níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ò lè kó o.

Àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà ni. Ó-Gún-Régé làwọn oníbàárà ń pè é, torí tó bá kan ilẹ̀kùn tán, á di ojú kan, á fi èkejì wo etí ẹ̀, á ní, "Ó gún régé!" Tí kò bá gún, á tú u palẹ̀.

Nígbà tí ikùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lápá òsì, lábẹ́ ìhà, ẹ̀rín là ń rín. "Ikùn owó ti dé o!" Òun náà á máa fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n bí ikùn ṣe ń tóbi ni apá ń tín-ín-rín, òógùn sì ń rin aṣọ ẹ̀ gbindin. Tó bá fá pákó kan, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wọ́ ọ lọ síbi iṣẹ́ mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń fúnni lésì ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ funfun yín pọ̀ gan-an," ó ní. "Ẹni tó kàn!"

Ẹni tó kàn kẹ̀! Kò ní ká rí dókítà, kò ní ká padà wá. Àwa aláìmọ̀kan sì ń yọ̀. Ṣé kì í ṣe funfun ni? Tí wọ́n bá ní inú èèyàn funfun, ṣé èébú ni? Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́? Ẹ̀jẹ̀ mi mọ́, kò lábàwọ́n!" Ó padà sídìí pákó. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi ń dúpẹ́ lórí àìsàn.

Ìgbà tí imú ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá la tó padà lọ. Dókítà obìnrin kan tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ wo èsì àtijọ́ yẹn, ó káwọ́ lérí. Ó ní gbogbo wa la ní ẹ̀jẹ̀ funfun, òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ara. Ṣùgbọ́n tí ọdẹ bá pọ̀ débi tó ń lé onílé jáde, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó ní oògùn oníhóró kan wà tó ń dá irú èyí tóun fura sí dúró, ọ̀fẹ́ sì ni ní ìlú ńlá. Àyẹ̀wò kan péré ló kù, ẹ̀rọ ẹ̀ ò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára ẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú fíríìjì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kíákíá.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbà á, mo ń nu fèrèsé yàrá àyẹ̀wò. Mo rí ìgò kékeré kan níbẹ̀, oòrùn ń pa á. Orúkọ àbúrò mi ló wà lára ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ ti dúdú. Mo ṣí fíríìjì: mínírà! Mínírà látòkè délẹ̀, àti ẹran díndín nínú ọ̀rá.

"Màmá, ẹ má bínú," ọ̀gá àyẹ̀wò ní. "A kàn yọ ọ́ díẹ̀ kí mínírà lè tutù ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi lẹ yọ torí mínírà?"

Ó na ìgò kan sí mi! Ó ní kí n mu, kí ara mi lè balẹ̀. Tùẹ̀! Mo gbé korobá omi ìnulẹ̀, mo dà á sínú fíríìjì náà gbàà. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi. Òun, wọ́n kí i kú oríire.

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí kò ní tó. Mo kó yìnyín sí kúlà, mo gbé e lé itan títí dé ìlú ńlá. Wọ́n ní èsì á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti dé?" Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi béèrè. Wọ́n ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Èyí tó ṣeé wò yìí ńkọ́, ta ló wò ó?

A ti sin ín. Mò ń nulẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá àyẹ̀wò sáré wá bá mi, ó ń ju ìwé fìrìfìrì.

"Màmá, ẹ bá mi yọ̀! Èsì ti dé! Irú tí oògùn ọ̀fẹ́ yẹn ń wò gan-an ni! Ṣùgbọ́n ẹ ò lè bá a gbà á o. Aláìsàn fúnra ẹ̀ ló máa wá fọwọ́ síwèé."

Mo wo bàtà ẹ̀ lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo ní kó jókòó, kó máa dúró dè é.

Ó fa àga, ó jókòó.