Ìwọ̀ Ìyá Mi

Àwọn ọmọ àbúrò mi máa ń sọ lẹ́yìn mi pé ìyá àgbà yìí le, pé kò mọ ẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn. N kì í kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ti kú tán, wọ́n sì kó ìyìn lé wọn lórí lọ sí ibojì. Ó ku èmi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ìyìn náà má baà di ìtàn.

Makera ni à ń gbé nígbà náà, ní Kaduna, nígbà tí òmìnira kò tíì dé. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ìyá mi ń rán aṣọ ọmọdé nínú yàrá. Èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi, kò sì sí ẹlòmíràn lẹ́yìn wa. Ọ̀sán Sátidé nìkan ni bàbá mi máa ń ráyè. Àwọn òyìnbó ní pápá ìṣeré tiwọn lódì kejì odò, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń lọ wo sinimá. Odò ni tiwa.

Bí bàbá mi bá ti dé, tó bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ kọ́, ìyá mi á ti di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú apẹ̀rẹ̀. À á gba àárín oko ọkà bàbà kọjá títí a ó fi gbóòórùn omi. Ìyá mi ló máa ń ṣáájú, ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ á wà léjìká bíi ti ọkùnrin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n Jẹ́bbá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí pé rélùwéè ni bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́. Etí odò Ọya ló ti kọ́ ẹja pípa láti kékeré, kò sì jẹ́ kí ìgbéyàwó gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Inú agolo kékeré kan ni ìwọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Á fi ekòló há ìwọ̀ lẹ́nu, á so ègé pòròpórò mọ́ okùn kí ó lè máa léfòó. Bí pòròpórò bá mì, á na ọwọ́ sí wa.

"Ẹ dákẹ́. Ó ń tọ́ ọ wò."

Nílé, ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ sókè. Létí odò ni mo ti mọ̀ pé ó lè rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi náà á bọ́ bàtà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi, á máa kun orin ìsìn lábẹ́ ahọ́n, lẹ́yìn náà á fi ìwé ìròyìn bo ojú, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi.

"Apẹja," á ní láti abẹ́ ìwé náà, "ṣé ẹ̀kọ lásán la ó jẹ lónìí?"

"Ẹni tó bá sùn ni yóò jẹ ẹ́ lásán."

Bàbá àgbà Hausa kan wà níbẹ̀ tí òun náà ń pẹja, tí ó máa ń gun akèrègbè ńlá kan lórí omi bí ẹni gun ẹṣin. Eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu. Ó lè bí bàbá mi. "Sannu, uwar yara," ni ó máa ń kí ìyá mi, ìyá ọmọ. Á fún un ní ekòló tó sanra, ìyá mi á fún un ní àkàrà, bàbá mi á fún un ní obì. Gbogbo ìbáṣepọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fi èyí sọ́kàn: bàbá mi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ba ti wa jẹ́. Ọkọ rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò bímọ, ó wá bá àbúrò rẹ̀ gbé. Òun ló tọ́ bàbá mi nígbà tí ìyá wọn kú, kò sì sí àárọ̀ tí kì í rán an létí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ọkọ ni obìnrin náà jẹ́ fún ìyá mi. "Ọkọ mi" ni ìyá mi ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i. Àwa ọmọ ń pè é ní Ìyá.

Sátidé àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́.

"Níbo lẹ ń gbé oúnjẹ lọ?"

"Etí odò ni, Ìyá," ni bàbá mi wí. "A máa ń lọ gba atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn kò fẹ́ níwájú ilé yìí ni? Igi èjìká ìyàwó ńkọ́?"

"Ìwọ̀ ni, ọkọ mi," ni ìyá mi dáhùn, ó ti kúnlẹ̀.

"Háà! Mo rán àbúrò mi ní ilé ìwé, apẹja ló lọ fẹ́. Ìyàwó, ẹja ọjà ti di èèwọ̀ rẹ ni?"

"Kò di èèwọ̀, ọkọ mi. Orí àrọ̀ tó bá tóbi jù, tiyín ni."

"Orí àrọ̀ ni yóò fọ ìtìjú wa nù, àbí?"

Ṣùgbọ́n ó jẹ orí àrọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fa egungun rẹ̀ mu títí ó fi funfun. Gbogbo Sátidé ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ti nu ẹnu tán ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọwọ́ tó pa á.

Kò pẹ́ tí bàbá mi kò bá wa lọ mọ́. Ó ní kò yẹ kí òun fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ lóun nìkan. Ọ̀sán Sátidé rẹ̀ wá di ìjókòó abẹ́ igi dógóyárò, kí ó máa gbọ́ ẹni tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ẹni tó fẹ́ kú. Ìyá mi ń kó èmi àti àbúrò mi lọ. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ó ń ṣe é láìjanpata. Lójú tirẹ̀, ìkúnlẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Bodè ni, ènìyàn á sì tẹ orí ba láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sí odò.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, omi sì pọ́n. Okùn ìyá mi kọ́ igi kan lábẹ́ omi. Bó ti fà á tagbáratagbára, ìwọ̀ fò padà, ó sì wọlé ṣinṣin sí ìdí àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bọ́. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Bàbá àgbà náà gúnlẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè rẹ̀, ó jókòó ti ìyá mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú sáàárín orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣóńṣó ọ̀bẹ là á díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ti orí mọ́ apá, ó ń gbọ̀n. Kí bàbá àgbà náà lè gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lára ìrora, ó ní, "Kai! Yau kifi ne ya kama uwar yara!" Lónìí, ẹja ló mú ìyá ọmọ. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwa náà rẹ́rìn-ín.

Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí òkè etí odò. Ó ti tọ ipasẹ̀ wa wá.

"Ìyá!" ni mo ké. "Ẹ wá, ìwọ̀ ti há màmá lọ́wọ́!"

Ó gbọ́. Mo ti dàgbà ju bó ti wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, mo sì mọ ibi tí ohùn ọmọdé lè dé lórí omi. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì lọ. Lálẹ́ yẹn, a gbé orí àrọ̀ síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kún pálọ̀ wa. Alága wọn, tí iṣẹ́ télọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, jókòó sórí àga bàbá mi, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti rojọ́ fún wọn kí wọ́n tó dé, nítorí kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, aṣọ funfun wé mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Èmi ń yọjú lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ni alága wí, ohùn rẹ̀ sì dùn, "a ò wá dá ẹjọ́. Inú ń bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. A kì í bá àgbà jàre. Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wa máa lọ jẹun."

"Bàbá, ìwọ̀ ló..."

"Má ṣàlàyé, ọmọ mi. Àlàyé ń dá kún ìbínú ni. Ṣáà bẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá tọ́ dáadáa mọ ẹ̀bẹ̀ yìí. Bí àgbà bá ń bínú sí ọ, o ó bẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Ìbínú rẹ̀ lo ń bẹ̀, o ò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìyá mi ti rí bodè tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba.

"Ẹ jọ̀wọ́, ọkọ mi. Ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ti ọmọdé ṣe. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde fùú.

"Ẹ gbọ́ o! Gbogbo yín, ẹ gbọ́! Kí ni kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń tọrọ àforíjì sí? Mo ní mo rí i, ọkùnrin Hausa yẹn di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!"

Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yíjú sí alága, ẹni tó ní kó kúnlẹ̀. Alága ń fi èékánná yọ òwú lára fìlà rẹ̀. Ìyá mi yíjú sí bàbá mi, ẹni tó ti fún bàbá àgbà náà ní obì lọ́pọ̀ ìgbà. Bàbá mi kò gbójú sókè.

Mo sá wọlé. "Irọ́ ni! A wà níbẹ̀! Ìwọ̀ ló há a lọ́wọ́, bàbá Hausa ló bá wa yọ ọ́! Ẹ tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀ wò!"

"Jáde," ni bàbá mi wí.

Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó tú aṣọ náà wò.

Wọ́n ní kí ìyá mi lọ sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Mo rò pé ìkúnlẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́." Lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀. Yóò gba orí afárá Jẹ́bbá kọjá, lórí odò tó tọ́ ọ. N kò mọ̀ bóyá ó wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kò tutù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣẹ́ ọ̀pá ìwọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ó fi dáná oúnjẹ wa. Mo ti yọ agolo náà pa mọ́. Nígbà mìíràn, ní Sátidé, bàbá mi á mú wa lọ wo àwọn òyìnbó tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù, á ra ìrèké fún wa, a ó dúró lẹ́yìn okùn.

"Ìgbà wo la ó lọ sí odò?" ni àbúrò mi bi í lọ́jọ́ kan.

"Odò ti kún."

Ọyẹ́ ló mú lọ́jọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ètè wa ń là. Gbogbo Makera mọ̀ pé òkúta nìkan ló kù nínú odò.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n tún ní bàbá mi sunkún. Ó sunkún náà ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, àìsàn dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi dùbúlẹ̀. Mo ti ń ṣe tíṣà. Bàbá mi pè mí wálé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ rí mi. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ọmọ mi, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, foríjì mí."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n: ẹ kò ṣẹ̀ mí, Ìyá. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí rẹ̀.

"Kí lẹ ṣe, Ìyá?" ni mo bi í. "Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń tọrọ àforíjì sí?"

Ó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Ó yíjú sí ògiri.

Bàbá mi tẹ̀ lé mi jáde. "Ó ti bẹ̀ ọ́. Kí lo tún fẹ́?"

"Kí ó sọ ọ́, sà. Tàbí kí ẹ̀yin sọ ọ́."

Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú kí oṣù tó parí. Alága náà ló dúró níbi ìsìnkú tó ní ìyá aláàfíà lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti àbúrò mi rìn lọ sí etí odò. Bàbá àgbà akèrègbè kò sí níbẹ̀ mọ́. Agolo náà wà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀ inú rẹ̀ sì ti dípẹtà. A jókòó sábẹ́ igi bàbá wa. Omi ti fà sí àárín, ó kéré bí èyí tó ń ṣàn nínú gọ́tà, òkúta funfun ló tẹ́ lọ títí.

Àbúrò mi wò ó.

"Odò ti kún," ló wí.