Màmá Àgbà Kì Í Ya Ojú Èèyàn

"Dúró ná, jẹ́ kó kọjá," ni Màmá Àgbà wí, wọ́n sì fi eyín já òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ wọn. Ọkùnrin tó ń bọ̀ lójú títì kí wa dáadáa, a dá a lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó kọ ẹ̀yìn sí wa tán ni wọ́n tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wò ó báyìí. Èjìká wo ló ga ju èkejì lọ?"

Mo ní ti ọ̀tún ni.

"Òun náà ni. Ìbọn ló ń gbé kọ́ ibẹ̀ láti kékeré. Bó sùn gan-an, èjìká yẹn ò ní wálẹ̀." Wọ́n ṣa àjákù aṣọ kaki kan nínú agbọ̀n, wọ́n gé e ní wíwọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lórí itan wọn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọdẹ náà ti wà níbẹ̀, ó ń lọ sóko rẹ̀ lórí pátákó bó ṣe ń lọ lójú títì.

Iwájú ilé wa ní Igbó-Ọrà ni ṣọ́ọ̀bù Màmá Àgbà, bí èèyàn bá lè pe àpótí ìjókòó kan àti agbọ̀n mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá Àgbà ló bí ìyá mi, àwọn ló sì tọ́ mi. Àjákù aṣọ tí télọ̀ àdúgbò ń kó fún wọn ló wà nínú agbọ̀n kan. Nǹkan fífọ́ ló kún èkejì: àfọ́kù igbá, àpáàdì, páànù tó ti dípẹtà, ìdérí ìgò, ìyẹ́ awó, àti èèpo ẹ̀gúsí tí wọ́n ti pa láró. Ẹ̀kẹta ni wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Aṣọ òkú ni. Èèyàn á gun ọ̀kadà láti Tápà tàbí Ayétẹ̀, á gbé dàńṣíkí bàbá rẹ̀ tàbí ìró ìyá rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù wá, á ní kí wọ́n bá òun fi ṣe àwòrán olóògbé náà. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún jókòó, kó sọ bí ẹni náà ṣe máa ń rìn, ọwọ́ wo ló fi ń gbé nǹkan, bóyá ó máa ń dúró sinmi lọ́nà. Bí kò bá lè sọ ọ́, wọ́n á ní kó lọ bi àwọn àgbà ilé kó padà wá.

Láàárọ̀, òórùn láfún ló máa ń jí mi. Wọ́n á da omi gbígbóná lé e, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, wọ́n á wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i kó má baà tètè kan. Òun ni wọ́n fi ń lẹ gbogbo nǹkan. Ọwọ́ wọn kì í mọ́ rárá. Aró á wà lára èékánná, osùn á wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé, àmì wọn ni mo máa gbé lọ. Àwọn kan ládùúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Alákìísà. Wọn kì í bínú. Wọ́n ní àkísà kò dá ara rẹ̀ dá, ó ti jẹ́ aṣọ ọdún ẹnì kan rí.

Ẹ̀yìn èèyàn sì ni wọ́n mọ̀ jù lọ. Nílùú wa, bí o bá ní Ìyá Ìbejì ló kọjá, o ò tíì sọ nǹkan kan, nítorí wọ́n pọ̀ ju kí a máa kà wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà á wo bí ọ̀já ṣe so, wọ́n á ní, "Ti ilé kejì ni. Òun ló máa ń di ìsàlẹ̀ jù, bí ẹni tó di ẹrù èlùbọ́."

Gbogbo ẹni tó wà lára pátákó wọn ló kọ ẹ̀yìn síni. Ààfáà ni bàbá wọn, ó sì ti kọ́ wọn láti kékeré pé ẹni tó bá ya ojú èèyàn, wọ́n á ní kó wá fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn. Màmá Àgbà gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn, àmọ́ iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn, kò sì ṣeé jù nù. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ kí bàbá àwọn dárúkọ ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan wá gba àwòrán bàbá rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Màmá, bàbá mi ò kọ ẹ̀yìn sí èèyàn rí láyé ẹ̀."

"Ilé ló ń lọ," ni wọ́n dá a lóhùn. "Àbí o fẹ́ kó yíjú padà ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbé bàbá rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó lọ.

Ìyá mi kú nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí. Fọ́tò wọn wà nílé nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjì ká òrùlé wa, òjò sì wọnú àpótí. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i, àwọn fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n ṣe ń fà wọ́n ni ojú àwọn èèyàn ń ṣí kúrò. Bàbá mi ti ní ìyàwó míì ní Ṣakí, wọ́n máa ń wá wò mí lásìkò Iléyá. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n nípa ìyá mi, wọ́n á ní ó rẹwà, wọ́n á sì dìde.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ayé ló mọ ojú náà àfi èmi. Àlejò á di àgbọ̀n mi mú, á ní, "Ìyá ẹ gẹ́lẹ́." Òmíràn á ní rárá o, bàbá mi ni mo jọ. Mo máa ń dúró níwájú dígí, mo ń wá èyí tó jẹ́ ti ìyá mi lójú ara mi, n kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àgbà.

"Màmá, ẹ bá mi ya màámi. Ojú wọn ni o, kì í ṣe ẹ̀yìn."

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Mo gbọ́, Àkànkẹ́."

Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́, mo sì ti gbà pé kò ní ṣeé ṣe. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí káfíńtà wá tú ilẹ̀kùn yàrá tí ìyá mi ń sùn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ni, ó wúwo, ó ga ju èmi lọ dáadáa. Wọ́n fi èédú fa ìlà sí i. Wọ́n po ilẹ̀pa mọ́ osùn fún àwọ̀ ara, wọ́n fi àfọ́kù igbá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, wọ́n fi òwú dúdú ṣe ìpéǹpéjú níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n máa ń pẹ́ lórí ẹní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé Ọlọ́run mọ̀ pé nítorí ọmọ aláìníyàá ni.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ń yan gàrí lẹ́yìn ilé. Wọ́n wá wò ó, èéfín ṣì ń rùn lára aṣọ wọn. "Imú ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ̀ tó yìí," ni wọ́n wí. "Ti bàbá wa lẹ gbé fún un." Màmá Àgbà tú imú náà, wọ́n tún un ṣe. Ìyá Ìbejì ilé kejì ní imú ti dáa, ojú ló kù, pé ojú ìyá mi máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú ojú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún tú u. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá wọn níwájú ilẹ̀kùn náà, ọwọ́ wọn wà lórí itan.

"Èmi ni mo bí i," ni wọ́n sọ, láìwo ojú mi. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo ń wá ojú ẹ̀, Àkànkẹ́, n ò rí i mọ́."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà. Mo rò pé èmi nìkan ló sọ ojú náà nù.

Ṣùgbọ́n wọn ò jáwọ́, wọ́n sì parí rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ yòókù, orí òrùlé ilé ìdáná ni wọ́n máa ń sá wọn sí. Ilẹ̀kùn wúwo jù, wọ́n bá gbé e ti ògiri nínú oòrùn, wọ́n ní bí mo bá ti ilé ìwé dé, yóò ti gbẹ. Mo sáré bọ̀ lọ́jọ́ náà, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi. Ewúrẹ́ ni mo bá níwájú ilẹ̀kùn. Iyọ̀ inú láfún ló gbọ́ òórùn rẹ̀ tó fi èèpo gbáàgúdá Àǹtí mi sílẹ̀. Ó ti lá ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ti jẹ ẹnu, òwú ìpéǹpéjú wà létè rẹ̀, ó ń rún un. Gèlè àti etí kan ló kù lára ìyá mi.

Màmá Àgbà ti inú ilé jáde. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo ewúrẹ́, wọ́n wá jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín mú wọn. "Ẹ wo ààfáà oníwo," ni wọ́n ń wí, omi ń bọ́ lójú wọn. "Bàbá mi ló rán an." Ṣùgbọ́n èmi ti dùbúlẹ̀ nínú eruku, mò ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́. Ó dà bí ẹni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sunkún wọn.

Nígbà tí ẹkún náà kò dáwọ́ dúró, Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kí n gun ẹ̀yìn àwọn. Mo ti dàgbà ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n fi ìró so mí, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé, àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín wa. Wọ́n bá bi mí léèrè.

"Kí lò ń rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ọrùn yín."

"Ojú mi ńkọ́?"

"N ò rí i, Màmá."

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

Mo ní mo mọ̀.

"Bó o ṣe mọ ìyá ẹ nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀ lo wà títí ó fi lọ. Àwa la mọ ojú ẹ̀, a sì ti ń gbàgbé. Èyí tí ìwọ mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó ọ."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọ ilẹ̀kùn náà mọ́. Wọ́n ṣí agbọ̀n kẹta, wọ́n mú ìró àdìrẹ kan àti ọ̀já kan jáde. N kò mọ̀ pé ti ìyá mi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan, ọwọ́ wọn ń yá. Ẹ̀yìn ìyá mi gba gbogbo ilẹ̀kùn, láti ìdí irun dé ìbàdí, ó tóbi bí ẹ̀yìn ìyá ṣe ń tóbi lójú ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Wọ́n fi òwú di irun náà, wọ́n fi àpá kékeré kan sí abẹ́ etí òsì. Nígbà tí Àǹtí mi dé, wọn ò sọ̀rọ̀ imú. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ọmọ tó pọ̀n dà.

Màmá Àgbà nawọ́ sí mi. "Òun ló ń wò ó."

Màmá Àgbà ti kú báyìí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èrúwà, bí aláboyún bá kọ ẹ̀yìn sí mi, mo máa ń mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe fẹnu sọ lọ. Wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn nílé ìwé, iwájú ilé wa ni mo ti kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, títí di ìsinsìnyí ni mo ń gbóòórùn láfún tí mo ń wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ń bọ̀.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tó ti ń gbé Abẹ́òkúta tipẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, fọ́tò kan wà lọ́wọ́ òun. Mo lọ. Nínú fọ́tò náà, àwọn ọmọge dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ilé kan, ọ̀rẹ́ ìyá mi sì fi ìka tọ́ka sí èyí tó jẹ́ ìyá mi. Ó rẹwà lóòótọ́. Imú rẹ̀ ò fẹ̀. Mo wò ó títí, mò ń dúró de ẹkún, ẹkún ò wá. Mo kí i nínú mi bí èèyàn ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ ẹni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi, mo wọkọ̀ padà sílé.

Ilẹ̀kùn náà wà ní yàrá mi, ó fara ti ògiri. Mo bọ́ bàtà, mo lọ bá a, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àárín ẹ̀yìn ìyá mi, níbi tí ọ̀já ti so. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá mi. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Màámi, mo rí fọ́tò yín lónìí."