Ipa Adájọ́ Nínú Ẹrọ̀fọ̀

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ kọ́là ẹ̀wù mi, bí mo ṣe rò pé adájọ́ máa ń ṣe. Ipa adájọ́ ni mo wá gbà. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń ṣeré ní tíátà ìlú Yaroslavl ní Rọ́ṣíà, tí mo sì ń yọjú nínú fíìmù, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń fún mi ṣe. Ojú mi ló fà á. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ mí dáadáa. Wọ́n rò pé èmi ni mo tún páìpù wọn ṣe.

Tamila Glebovna, olùdarí fíìmù náà, pàdé mi nínú àgbàlá ilé-iṣẹ́ fíìmù, ó na ìwé eré sí mi. Mo fi ìkánjú nawọ́ gbà á, ìwé bọ́ sínú yìnyín tó ń yọ́. Ìgbàgbọ́ àwa òṣèré ni pé bí ìwé eré bá já bọ́, òṣèré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó lé e kó tó mú un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ipa náà yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo wo ṣòkòtò mi kan ṣoṣo tó dáa. Mo jókòó.

“Rodion Zakharovich, ṣé ẹ ti mu nǹkan láàárọ̀ yìí ni?”

“Rárá o. Ipa mi ni mò ń dáàbò bò.”

Ó wò mí títí. “Ẹ má tíì dìde. Ọ̀mùtí tí a ti ń wá kiri rèé.”

“Adájọ́ ńkọ́?”

“Adájọ́ pọ̀ nílẹ̀, bàbá. Ta ló tún lè jókòó sínú omi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí?”

“Ṣé ọ̀mùtí náà ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ń kọrin díẹ̀.”

Mo ní mo gbà. Mo dìde, mo fi ìwé náà bo ìdí mi tó tutù, mo sì gba ọ̀nà ilé lọ.