Tábìlì Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Sùn Lé

Ìyá ọkọ mi ti gba bẹ́ẹ̀dì mi, a ò sì tíì ra ọkọ̀ ọ̀hún!

A lọ wo RV, ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú bí ilé, ní Lancaster lónìí, torí èmi àti ọkọ mi, ọmọ wa mẹ́ta àti Màmá fẹ́ rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà lẹ́yìn, kéékèèké mẹ́ta wà fáwọn ọmọ. Ẹnì kẹfà ńkọ́?

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á rẹ tábìlì ìjẹun sílẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù lé e. "Grandma can sleep here!"

Màmá ní, "Ṣé mo ti kú ni, tí wọ́n fẹ́ tẹ́ mi sórí tábìlì?"

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì ńlá. "Dèjì, wá dùbúlẹ̀ síbí. Tábìlì á gba ìyàwó ẹ."

Ọkọ mi náà sì ń bọ́ bàtà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú ìyá àtọmọ, ta ni kí n kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì yẹn?